Àgbá firkin onírin: kí ẹ tó sanwó rẹ̀

Ìkòkò ìpọntí ni gbogbo apọntí tuntun máa ń kó owó lé, bẹ́ẹ̀ àgbá ni yóò pinnu bóyá ọtí náà á dùn lẹ́nu ẹni tó ń mu ún. Fún ọtí bíà inú àgbá bí wọ́n ti ń mu ún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, firkin onírin tí kì í dógùn-ún ni mo máa ní kí apọntí kékeré rà, ju ti ike lọ, ju ti igi lọ pẹ̀lú. Àmọ́ ó ń fẹ́ ìtọ́jú gidi, wàhálà rẹ̀ sì pọ̀ ju bí àwọn tó ń tà á ṣe máa ń sọ lọ.

Ọtí tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ti sẹ́, tí wọ́n ti pa ìwúkàrà inú rẹ̀, tí wọ́n wá ń fi gáàsì tì jáde. Ààyè ló wà. Ìwúkàrà ṣì ń jẹ ṣúgà tó kù, ó ń hó nínú àgbá bí ẹmu ṣe ń hó nínú akèrègbè, gáàsì tó bá sì ti ibẹ̀ wá ni yóò wà nínú ife. CAMRA, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ irú ọtí yìí ní Bìrìtéènì, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1971, ló jà fún un nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ń pa á tì. Torí náà, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá gbé àgbá kúrò nílé ìpọntí, iṣẹ́ ṣì kù nínú rẹ̀, ẹlòmíì ni yóò sì parí rẹ̀.

Firkin kan gba gálọ́ọ̀nù 9 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Lítà 40.9 nìyẹn, páíǹtì 72. Ìdajì rẹ̀ ni pin, páíǹtì 36. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ni kilderkin, páíǹtì 144. Firkin tó kún ju 50 kílò lọ: ẹnì kan lè yí i lórí etí rẹ̀ kọjá yàrá, àmọ́ kí ẹnì kan má dá gbé e sórí pẹpẹ, ẹ̀yìn ló ń dá. Kilderkin tó kún tó nǹkan bíi 100 kílò, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ilé ọtí tí àtẹ̀gùn àjà ilẹ̀ wọn há kì í fẹ́ rí i.

Ẹ wo ikùn rẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Tí wọ́n bá tẹ́ àgbá sílẹ̀, ikùn yẹn ló máa wà nísàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ máa rọ́ sí, táàpù sì wà lókè rẹ̀ díẹ̀. Ọtí tó tòrò á máa jáde, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á jókòó síbi tó wà. Ihò méjì ló ní. Ti orí ikùn ni wọ́n ń gbà rọ ọtí sí i, shive ni wọ́n fi ń dí i; àárín shive náà fẹ́lẹ́, kí èèkàn lè gún un wọlé nígbà tó bá yá. Ihò kejì wà lójú àgbá nítòsí etí, keystone ló wà níbẹ̀, òun ni táàpù máa gbà kọjá. Keystone onígi tó ti gbẹ máa ń jò. Ẹ rẹ ẹ sínú omi gbígbóná kó tó wọlé. Ti ike kì í fi bẹ́ẹ̀ jò, òun ni mo fara mọ́. Ẹni tó bá fi òòlù kan án ní ẹ̀gbẹ́ dípò kó kàn án ní gbọọrọ yóò ba ti igi àti ti ike jẹ́.

Ohun tó nira jù ni mímọ ìgbà tó yẹ kí ọtí wọ àgbá. Ká ní ọtí kan bẹ̀rẹ̀ ní 1.040 (ìyẹn ìwúwo rẹ̀ sí ti omi, tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ìwúkàrà ṣe ń jẹ ṣúgà), tí ẹ sì mọ̀ pé 1.010 ló máa parí sí. Tí ẹ bá rọ ọ́ sínú àgbá ní 1.012, ṣúgà tó kù tó ìwúkàrà láti pèsè gáàsì tí a nílò, kò sì ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá kánjú rọ ọ́ ní 1.016, ọtí máa tú sára òrùlé àjà ilẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gún shive. Bó bá ti dé 1.010 kó tó wọ àgbá, kò tíì bàjẹ́: ẹ yọ́ ṣúgà nínú omi gbígbóná, gíráàmù 1 sí 3 fún lítà ọtí kan, kí ẹ dà á sí i. Ìwúkàrà fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan nínú mìlílítà kan ló dáa. Bó bá fi púpọ̀ dín, ọtí á dákẹ́ lọ gbári, bó bá fi púpọ̀ lé, kò ní tòrò bọ̀rọ̀. Awò amúǹkan-tóbi olówó pọ́ọ́kú tó láti kà á, ó sì yà mí lẹ́nu pé ojú lásán ni àwọn kan ṣì fi ń díwọ̀n rẹ̀.

Họ́ọ̀pù, òdòdó kíkorò tí wọ́n fi ń pọn bíà, tí wọ́n ń jù sínú àgbá fún òórùn tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ní èròjà kan tó ń gé ṣúgà tí ìwúkàrà kò lè jẹ sí kéékèèké títí ó fi máa lè jẹ ẹ́. Èyí ni pé ọtí tí ẹ rò pé ó ti parí sí 1.010 lè tún sọ̀ kalẹ̀, kí gáàsì sì pọ̀ jù. Ẹ dín ṣúgà kù fún irú ọtí bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi àpò aláwọ̀n di họ́ọ̀pù náà, kí ewé má bàa wọ ọ̀nà táàpù.

Ohun tó ń mú ọtí tòrò ni isinglass, tí wọ́n ń fi àpò afẹ́fẹ́ inú ẹja ṣe. Ìdajì páíǹtì sí páíǹtì kan àtààbọ̀ ni firkin kan máa ń gbà, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́: ẹ bu ọtí sínú ìgò mímọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ fi ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí ìkọ̀ọ̀kan, ẹ gbé wọn sínú òtútù àjà, kí ẹ wo èyí tó tòrò jù lọ́jọ́ kejì. Ọ̀tá rẹ̀ ni ooru. Tó bá ti pẹ́ nínú ooru tó ju 20°C lọ, ó ti kú, kò sì sí òtútù tó lè jí i. Ọkọ̀ tó jókòó sínú oòrùn lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ló ń fa ọ̀pọ̀ nínú ọtí rírú tí wọ́n ń dá apọntí lẹ́bi fún. Ìwà rere kan tó ní ni pé tí àgbá bá mì lójú ọ̀nà, ó tún lè rì lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹni tí kì í jẹ ẹran rárá kò ní mu ọtí tó ní isinglass nínú, torí náà kí àkọlé ara àgbá sọ ọ́ kedere.

Nílé ọtí, ẹni tó ń tọ́jú àjà ló kù tó máa ṣe tirẹ̀. Àgbá á wà lórí pẹpẹ láìmì, wọ́n á fi igi há a lọ́tùn-ún lósì, 11 sí 13°C ni yàrá gbọ́dọ̀ wà. Wọ́n á fi èèkàn rírọ̀, èyí tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá, gún shive. Ìfóòfó á máa yọ lórí rẹ̀. Ẹ nù ún kúrò, kí ẹ sì máa wò ó: tó bá tún kún padà lẹ́yẹ-ò-sọkà, iṣẹ́ ṣì ń lọ; tó bá ń fi ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan falẹ̀ kó tó yọ díẹ̀díẹ̀, ó ti tó, ẹ fi èèkàn líle rọ́pò rẹ̀ kí gáàsì tó kù má bàa lọ. Ọtí kan á ti ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, òmíràn á gba ọjọ́ kan gbáko. Ọtí Landlord ti iléeṣẹ́ ìpọntí Timothy Taylor, láti Keighley, lókìkí láàárín àwọn tó ń tọ́jú àjà pé kò fẹ́ ìkánjú rárá. Táàpù á wọlé nígbà tó bá ku bí ọjọ́ kan kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi oògùn ìpakòkòrò nu keystone, kí wọ́n rí i dájú pé táàpù wà ní títì (ọ̀pọ̀ aṣọ ló ti rin gbingbin torí èyí), kí òòlù onígi sì bà á lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, tagbára-tagbára.

Nígbà tí wọ́n bá ń fa ọtí, èèkàn líle kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tó bá wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà wọlé, pọ́ǹpù á le, ó sì máa fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sókè. Tí wọ́n bá ti tìlẹ̀kùn lálẹ́, kó padà síbẹ̀. Páíǹtì kan tó bá jáde, páíǹtì afẹ́fẹ́ kan ló wọlé dípò rẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ló sì ń sọ ọtí di kíkan. Bí ọjọ́ mẹ́ta ni ọtí tí wọ́n ti ṣí fi máa ń wà ní bó ṣe yẹ. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ilé ọtí tí kò lè ta páíǹtì 24 lójúmọ́ nínú ọtí kan náà kò yẹ ní ẹni tó ń gba firkin, pin ni kí ẹ fún un. Ohun èlò kan wà tó ń fi gáàsì carbon dioxide rọ́pò afẹ́fẹ́ láìfi agbára tì í. CAMRA lòdì sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 2018 tí wọ́n fi yí ọwọ́ padà. Lójú tèmi, ó sàn ju ọtí kíkan lọ.

Ìgbà tí àgbá bá kù sí ìdajì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán máa rú gbogbo èyí tó kù. Irin onísípíríǹgì tó ń gbé e sókè fúnra rẹ̀ bí ó ṣe ń fúyẹ́ yẹ lẹ́ni tó ń náwó lé.

Àgbá tó padà délé ìpọntí wá ku fífọ̀, níbi tí irin ti ń ta ike yọ. Ẹ yọ shive àti keystone, kí ẹ wo ọrùn ihò táàpù pé igi kò ṣẹ́ kù síbẹ̀. Omi tútù tàbí èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń kọ́kọ́ ṣan án, torí omi gbígbóná máa ń mú ìdọ̀tí ìwúkàrà lẹ̀ mọ́ irin. Lẹ́yìn náà ni kọ́sítíìkì sódà, 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún, ní 70 sí 80°C. Gáàsì carbon dioxide tó kù nínú àgbá ń jẹ agbára kọ́sítíìkì yìí, ó sì lè fa ara àgbá tó bá wà ní dídí sínú, torí náà ẹ jẹ́ kó jáde tán pátápátá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣan án, ẹ fi omi híhó tàbí ásíìdì peracetic parí rẹ̀, kí ẹ da orí rẹ̀ kodò kó gbẹ. Ẹ má ṣe dí i nígbà tó ṣì gbóná. Òkúta ọtí, ìyẹn ìpele funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú, kọ́sítíìkì kì í ká a, ásíìdì ló ń tú u. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, kí ẹ fimú gbọ́ ọ. Àgbá tó bá ń rùn bíi ọtí kíkan kò gbọ́dọ̀ gba ọtí, bó ti wù kí oníbàárà máa pariwo tó.

Ike fúyẹ́, owó rẹ̀ kéré, ó sì ń pa òtútù mọ́ díẹ̀ ju irin lọ. Àmọ́ ooru fífọ̀ ń sọ ọ́ di wẹ́rẹ́wẹ̀rẹ̀, ìlà tó bá ya sínú rẹ̀ di ibùgbé kòkòrò tí ojú ò lè rí, òórùn ọtí àná sì máa ń kù nínú rẹ̀. Alumíníọ̀mù àtijọ́, ẹ sá fún un: kọ́sítíìkì ń jẹ ẹ́. Ti igi rẹwà, iléeṣẹ́ ìpọntí Samuel Smith ní Tadcaster àti Theakston ní Masham ṣì ń lò ó, àwọn méjèèjì ló sì gba ẹni tó ń kan àgbá síṣẹ́. Ẹni tí kò bá ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kó má ṣe dán an wò.

Ọ̀rọ̀ owó orí náà wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023, ìjọba Bìrìtéènì ti dín owó orí ọtí tí agbára rẹ̀ kò tó 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún kù, bó bá wà nínú ohun tó gba lítà 20 ó kéré tán. Pin, pẹ̀lú lítà 20.5 rẹ̀, fi díẹ̀ yọ.

Iye tí ẹ máa rà ni àwọn tuntun kì í ṣírò. Ẹni tó ń pọn bárẹ̀lì 5 lọ́sẹ̀ nílò firkin 20 lọ́sẹ̀ yẹn. Bí àgbá bá ń lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó padà wálé, 100 ló nílò kí ilé má bàa ṣófo. Wọ́n tún ń sọnù, wọ́n tún ń jí wọn gbé torí irin tí wọ́n fi ṣe é. Ìdí nìyí tí apọntí kọ̀ọ̀kan fi ń kun ìlà àwọ̀ tirẹ̀ sí etí àgbá. Tí owó kò bá tó, rírẹ́ńtì dáa ju kí ẹ kó ìdọ̀tí àlòkù wálé. Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ máa rà, ẹ wo ihò méjèèjì bóyá ọrùn wọn ti tẹ̀, torí shive kò ní dí ihò tí kò rí roboto. Kí ẹ sì gbé e sórí òṣùwọ̀n ní òfìfo, kí ẹ rọ omi kún un, kí ẹ tún un wọ̀n. Tí omi náà kò bá tó 40.9 kílò, ikùn rẹ̀ ti wọnú níbì kan, oníbàárà kò sì ní rí páíǹtì 72 tó sanwó fún. Ẹ dá a padà.