Àyẹ̀wò ìgbẹ́ fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá ní ilé àyẹ̀wò aládàáni kan ní Àkúrẹ́

Owó àyẹ̀wò kejì tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi ló mú mi kọ èyí. Èsì àkọ́kọ́ ti jáde, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ mi, mo sì dúró níwájú káńtà ilé àyẹ̀wò náà ní Alágbàká, tí ọmọbìnrin tó ń gba owó ń rọ̀ mí pé, "Màmá, ẹ má dààmú ara yín, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, ó lè jẹ́ pé ẹ jẹ nǹkan kan ni. Tí ìkejì bá ti dáa, ó tán náà nìyẹn." Kí n tó dáhùn, ó ti kọ rìsíìtì tán. Mo ti ń wá káàdì báńkì nínú báàgì mi nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun yọ láti yàrá ẹ̀yìn, ó mú rìsíìtì náà lórí káńtà, ó kà á, ó sì fà á ya.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí, "a kì í tún irú èyí ṣe. Kókó inú ìfun kì í ṣẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́. Bí a bá tún un ṣe lónìí tí a kò rí ẹ̀jẹ̀, ìyẹn kò pa èsì ti àkọ́kọ́ rẹ́. Colonoscopy, ìyẹn kí wọ́n fi ọ̀pá tó ní kámẹ́rà lẹ́nu wo inú ìfun ńlá, ló kàn." Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà, ó ní kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti ń náwó sí ilé àyẹ̀wò ní ìlú yìí, mi ò tíì rí òṣìṣẹ́ tó lé owó padà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Kò sí ohun tó ń ṣe mí tẹ́lẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, dókítà mi sì ní ó ti yẹ kí n máa ṣàyẹ̀wò ìfun ńlá, ó ní àwọn ará Amẹ́ríkà ti sọ ọjọ́ orí tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ di ọdún 45 láti ọdún 2021. Colonoscopy ló kọ́kọ́ dárúkọ, mo sì kọ̀ jálẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń fún èèyàn mu láti fọ inú, tí a óò fi máa sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ọ̀pá gígùn tí wọ́n ń ti ìdí kì bọ inú, ẹni tí yóò sin èèyàn lọ tí yóò sì sìn ín bọ̀, àti owó tí gbogbo rẹ̀ ń ná èèyàn: ó ti sú mi kí n tó dé ibẹ̀. Dókítà ní ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tí kò ní àmì àìsàn kankan, ó sì kọ FIT sínú ìwé fún mi, ìyẹn àyẹ̀wò ìgbẹ́ tó ń wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é.

Mi ò bá àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ jà. Ìgò kékeré kan ni wọ́n fún mi, omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fín ní ìlà wínniwínni sì so mọ́ ìdérí rẹ̀. Mo tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ kí ìgbẹ́ má bàa kan omi, mo gún un níbi mélòó kan, mo dá ọ̀pá náà padà sínú ìgò, mo dé e, mo sì mì ín. Ó parí. Kò sí pé kí n má jẹ ẹran. Àyẹ̀wò àtijọ́ tí wọ́n ń fi guaiac, oje igi kan, ṣe kò mọ ẹ̀jẹ̀ èèyàn yàtọ̀ sí ti màlúù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí èèyàn yẹra fún ẹran pupa ṣáájú. Èròjà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn ni FIT ń wá ní tirẹ̀. Nítorí náà, "ó lè jẹ́ pé ẹ jẹ nǹkan kan" tí ọmọbìnrin yẹn sọ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Ẹni tó ń tajà ni kò mọ ọjà tó ń tà.

Ọjọ́ tí mo gbé ìgò náà lọ ni inú ti kọ́kọ́ bí mi. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ mi, nítorí pé ooru a máa ba èròjà ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́, èsì á sì wá jáde bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Mo gun ọ̀kadà láti Ìjàpọ̀, mo dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Síbẹ̀, orí káńtà ni ìgò mi wà, nínú oòrùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì àti ẹ̀wà tí ẹnì kan ń jẹ lọ́wọ́, títí ọmọbìnrin náà fi parí ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù. Ó wá gbé ìgò náà sókè, ó sì bi gbogbo àwọn tó jókòó pé, "Ta ló ni ìgbẹ́ yìí o?" Alàgbà kan nínú ìjọ wa wà níbẹ̀. Mo dìde, mo ní èmi ni. "Màmá, ẹ ò kọ orúkọ sí i lára!" Orúkọ mi wà lára rẹ̀ gàdàgbà, òun ló kọ ẹ̀yìn ìgò náà sí ojú ara rẹ̀.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni pé kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ń rí ẹ̀jẹ̀. Bàbá kan tó jókòó tì mí sọ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń rí ẹ̀jẹ̀ tí òun bá ṣu, pé òun rò pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, àti pé àgbo tí òun ń rà ní Arákàlẹ̀ ni òun fi ń tì í. Wọ́n ta ìgò kan náà fún un, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Ẹni tó ti ń fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó ti àyẹ̀wò yìí. Dókítà ló yẹ kó lọ rí. Èmi ni mo sọ fún un, èmi tí mi ò gba owó oṣù níbẹ̀.

Alẹ́ ni èsì mi wọlé lórí WhatsApp. Fọ́tò ìwé kan ni, "Positive" wà lára rẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá, kò sí àlàyé, kò sí nọ́ńbà ẹni tí mo lè pè. Mi ò fojú kan oorun. Bí mo ṣe dé iwájú káńtà nìyẹn.

Lẹ́yìn tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti fa rìsíìtì ya, ó mú mi wọ yàrá ẹ̀yìn, ó fún mi ní àga, ó sì fi páálí àyẹ̀wò mi hàn mí, ìlà pupa méjì tó ń fara hàn lójú rẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ẹni tí FIT wọn jáde báyìí ni kò ní jẹjẹrẹ, jẹ̀díjẹ̀dí pàápàá lè fà á, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ láìwo inú. Mo bi í bóyá kò sí èyí tó dára ju FIT lọ tí mo lè fi bọ́. Kò kánjú dá mi lóhùn. Ó ní èyí tó ń wo DNA inú ìgbẹ́ wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2014, pé nínú ìwádìí tí wọ́n ti fi í wé FIT, ó rí jẹjẹrẹ lára 92 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní in, nígbà tí FIT rí i lára 74, ṣùgbọ́n òun náà ló ń dẹ́rù ba àwọn tí kò ní nǹkan kan jù. Ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà lápá, tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ lọ́dún 2024, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí kókó tí kò tíì di jẹjẹrẹ. CT tí wọ́n fi ń ya àwòrán ìfun wà pẹ̀lú, ó sì nílò oògùn ìfọnú bákan náà. "Èyí tó wù kí ẹ ṣe nínú wọn, mà, tó bá ti fura sí nǹkan, colonoscopy ló máa rán yín lọ." Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí dókítà mi. Kò gba nǹkan kan.

Mo lọ ṣe é ní ilé ìwòsàn ìjọba kan lẹ́yìn òde Àkúrẹ́. Oògùn ìfọnú yẹn burú gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rò. Ọ̀pá náà kò burú tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́, n kò mọ ìgbà tí wọ́n parí. Kókó kan ni wọ́n bá, wọ́n gé e kúrò lójú ẹsẹ̀, àyẹ̀wò tí wọ́n sì ṣe fún un fi hàn pé kò tíì di jẹjẹrẹ.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún ilé àyẹ̀wò náà. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun tí ì bá ṣe mí ní jàǹbá, ṣùgbọ́n káńtà ni gbogbo èèyàn ń bá pàdé, ọmọbìnrin yẹn ló sì ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo padà lọ dúpẹ́. Tí ẹ bá máa lọ, ẹ tètè lọ láàárọ̀, ẹ rí i pé ìgò yín kúrò nínú oòrùn lójú yín, kí ẹ sì ní kí ẹni tó ṣe àyẹ̀wò náà jáde wá bá yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó tún san owó kankan.