Ìkọ́kọrẹ́ Bùkà ní Ìjẹ̀bú-Òde: Ó Dùn, Ẹja Ńkọ́?

Ẹni tó bá ti jẹ ìkọ́kọrẹ́ tó jinná dáadáa ní agbègbè Òkè-Àjẹ kò ní bá wa jiyàn lórí adùn rẹ̀. Adùn kọ́ la fẹ́ wọ̀n níbí. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni bóyá purotéènì, èròjà oúnjẹ tó ń kọ́ iṣan, inú àwo kan tó fún oúnjẹ ọ̀sán ẹni tó ti lé ní ọdún 65, tí itan rẹ̀ kò le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ewùrà tí a fi ń se ìkọ́kọrẹ́ kò lè ṣe é fúnra rẹ̀. Nínú 100 gíráàmù ewùrà, purotéènì kò ju bíi gíráàmù 1.5 sí 2 lọ. Omi àti sítáàṣì ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Àwo ńlá tí ewùrà inú rẹ̀ tó 300 gíráàmù kò ju ẹyin kan lọ ní ti purotéènì: bíi gíráàmù 6. Ẹ̀bà tí wọ́n ń gbé tì í kò ràn án lọ́wọ́. Gàrí Ìjẹ̀bú kan dáadáa, kò sí oògùn tó dà bí i lọ́jọ́ oòrùn, ṣùgbọ́n ikùn ló ń kún, kì í kún iṣan.

Ní 2013, àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní PROT-AGE dá a lábàá pé kí àgbàlagbà tára rẹ̀ dá máa jẹ purotéènì gíráàmù 1.0 sí 1.2 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹni tó wọn kílò 60 nílò gíráàmù 60 sí 72. Kó má kó gbogbo rẹ̀ sí oúnjẹ alẹ́ o: iṣan àgbà kì í tètè jẹ́ ìpè díẹ̀, gíráàmù 25 sí 30 lẹ́ẹ̀kan náà ló ń ta á jí.

Ẹja ló kù tó lè gbé àwo náà débẹ̀. Ègé Titus sísè tó tó 50 gíráàmù ń fúnni ní purotéènì bíi gíráàmù 10 sí 12. Ègé méjì pẹ̀lú ewùrà, ó pé. Edé lílọ̀ ní purotéènì gan-an, àmọ́ ṣíbí kékeré kan kò ju gíráàmù 3 lọ. Fún adùn ni kí ẹ kà á sí. Pọ̀nmọ́ tí ọ̀pọ̀ bùkà fi ń dípò ẹja ni a kò fọwọ́ sí. Kọ́lájìn, purotéènì inú awọ, ló pọ̀ nínú rẹ̀; kò ní tryptophan, ọ̀kan nínú àwọn èròjà purotéènì tí ara nílò, leucine, èròjà mìíràn tó ń pàṣẹ fún iṣan pé kó kọ́ ara rẹ̀, sì kéré níbẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ tí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má kà á mọ́ ẹja.

Ní ti sísè, omi ló sábà ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ewùrà lómi lára, kò yẹ kí alásè tún bu omi sí i lẹ́yìn tó rin ín tán. Iyọ̀ díẹ̀ ti tó. Kó ṣù ú ní kéékèèké sínú ọbẹ̀ tó ń hó, kó dé e lórí iná kékeré fún bíi ìṣẹ́jú 15 kó tó ti ṣíbí bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá tètè rò ó á sọ ọ́ di àmàlà olómi. Bùkà tó mọṣẹ́ máa ń yọ ẹja sọ́tọ̀, á gbé e lé orí àwo nígbà tó bá ń bù ú. Níbi tí ẹja ti fọ́ wẹ́wẹ́ mọ́ inú rẹ̀, oníbàárà kò lè mọ iye tó jẹ. Ẹ tún ní kí wọ́n fi ẹ̀fọ́ díẹ̀ sí i, nítorí àwọn àgbàlagbà tí oúnjẹ wọn lọ́pọ̀ ẹ̀fọ́, èso, ẹja àti ẹ̀wà ni ìwádìí sábà ń rí pé agbára wọn dára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn nìkan kò fi hàn pé oúnjẹ ló fà á.

Ẹja láìsí iṣẹ́ ara kì í sọ iṣan di alágbára. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ ká apá méjèèjì mọ́ àyà, ẹ dìde kí ẹ tún jókòó lẹ́ẹ̀marùn-ún. Tó bá gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, agbára itan ti ń dín kù; irú ìdìde yẹn gan-an, ó kéré tán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bi dókítà léèrè iye ẹja tó yẹ ẹ́, torí ìṣirò òkè yìí lè pọ̀ jù fún un.