Ìtàn tó parí àti ìtàn tó há sọ́nà: èwo ni kí ẹ fowó yín rà?

Lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gbá, níbi tí àwọn tó ń ta ìwé tòkúnbọ̀ máa ń tẹ́ ọjà sí, ọkùnrin kan gbé páálí ìwé kan lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀. Ìwé méje ló tò sínú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn bíi búrẹ́dì. Mo ti gbọ́ tipẹ́ pé ìwé méje ni George R. R. Martin fẹ́ fi A Song of Ice and Fire ṣe, ìtàn tí wọ́n sọ di fíìmù Game of Thrones. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ó pé?" Ó fìka kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan: "Oókan, eéjì, ẹẹ́ta... Àǹtí mi, méje rèé. Ó pé pérépéré." Mo sanwó. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé ìwé márùn-ún ni mo rà.

Ọkùnrin yẹn ò purọ́ fún mi, òun náà ò mọ̀ ni. Nílùú ọba, wọ́n gé ìwé kẹta, A Storm of Swords, sí méjì nínú ẹ̀dà ẹlẹ́yìn rírọ̀, torí ó ti nípọn jù: wọ́n kọ Steel and Snow sára ìdajì kan, wọ́n kọ Blood and Gold sára ìkejì. Wọ́n tún gé ìkarùn-ún, A Dance with Dragons, bákan náà: Dreams and Dust àti After the Feast. Bí márùn-ún ṣe di méje nìyẹn. Ìwé kẹfà gan-an, The Winds of Winter, kò tíì jáde títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí. Ìkeje, A Dream of Spring, orúkọ rẹ̀ nìkan la mọ̀.

Kó má baà ṣe yín bó ṣe ṣe mí, mo kó ọ̀wọ́ ìwé mẹ́rin jọ síwájú ara wọn. Ìtàn idán, ogun àti ìrìnkèrindò ni gbogbo wọn, irú èyí tí àwa tó ka Fágúnwà nílé ìwé ò ní bẹ̀rù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n. Bí wọ́n ṣe dúró rèé:

Martin, A Song of Ice and Fire: 5 ti jáde nínú 7. Ìkíní 1996, èyí tó jáde kẹ́yìn 2011.
Patrick Rothfuss, The Kingkiller Chronicle: 2 nínú 3. Ìkíní 2007, ìkejì 2011.
Robert Jordan, The Wheel of Time: 14 nínú 14, pẹ̀lú ìwé kékeré kan tó ṣáájú ìtàn. 1990 sí 2013.
Tomi Adeyemi, Legacy of Orïsha: 3 nínú 3. 2018 sí 2024.

Martin àti Rothfuss: àwọn tó jẹ wá ní gbèsè

Ẹ wo ọdún tí méjèèjì gbé ìwé jáde kẹ́yìn: 2011. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń ṣèdánwò WAEC tàbí ó kù díẹ̀ kó ṣe é. Ṣùgbọ́n ìdádúró ọ̀kan ò jọ ti èkejì, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ rajà fojú sí.

Ti Martin, a mọ ibi tí okùn ti lọ́. Ìwé kìíní jáde lọ́dún 1996, ìkejì 1998, ìkẹta 2000, ọdún méjì-méjì bí ọmọ tí wọ́n fètò sí. Ó wá fẹ́ fo ọdún márùn-ún nínú ìtàn kí àwọn ọmọdé inú rẹ̀ lè dàgbà. Ó kọ ọ́ lọ títí, ó rí i pé kò bọ́ sí i, ló bá dà á nù. Àwọn èèyàn inú ìtàn tún pọ̀ débi pé ó ní láti pín wọn: àwọn kan wọnú ìwé kẹrin lọ́dún 2005, àwọn yòókù dúró de ìkarùn-ún. Níparí ìkẹrin ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún òǹkàwé pé òun ń retí pé àwọn tó kù á dé lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi dé. Ní ọjọ́ 2, oṣù kìíní, 2016, ó jẹ́wọ́ fún gbogbo ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ọjọ́ tí òun bá àwọn atẹ̀wé dá ti kọjá, ìkẹfà ò tíì tán. Lọ́dún 2022, ó ní òun ti tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì ló fi ń kọ ọ́, WordStar, ètò ìkọ̀wé àtijọ́ kan, ló wà lórí ẹ̀, nítorí náà ẹ má sọ pé Facebook ló ń jẹ àkókò bàbá.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ wà níta gbangba. Láàárín ìgbà yẹn ó ti bá àwọn mìíràn ṣe The World of Ice & Fire (2014), ó ti kọ Fire & Blood (2018), ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú fíìmù House of the Dragon tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022. Ẹ ṣọ́ra fún Fire & Blood yẹn o! Ìdajì nìyẹn náà: apá kejì rẹ̀ ò tíì jáde. Ẹni tó sá kúrò nínú gbèsè kan á tún bọ́ sínú òmíràn.

Ti Rothfuss ló ń dùn mí jù, torí ìtàn tirẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ṣèlérí. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Kvothe, ó ní ilé-èrò kan ní abúlé tí kò sẹ́ni tó ń bọ̀ síbẹ̀. Akọ̀wé kan wá a kàn, ó ní kó sọ ìtàn ayé ẹ̀ fóun. Kvothe ní ọjọ́ mẹ́ta lòun máa fi sọ ọ́, kò ní dín. Ìwé kan, ọjọ́ kan. The Name of the Wind ni ọjọ́ kìíní, The Wise Man's Fear ni ọjọ́ kejì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ la ti mọ̀ pé wọ́n ń pè é ní ẹni tó pa ọba. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, lẹ́yìn ìwé kejì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 ojú ìwé, a ò tíì rí ọba tó pa, a ò mọ ohun tó sọ ọ́ di onílé-èrò. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹta ò tíì mọ́. Ká sòótọ́, ohun tó kù fún ìwé kan ṣoṣo láti sọ ti pọ̀ jù; mi ò rí bí The Doors of Stone, ìwé kẹta yẹn, ṣe máa gbé ẹrù yẹn láìjẹ́ pé ó di méjì.

Nígbà tí ìkíní jáde, ohun tí Rothfuss ń sọ ni pé òun ti kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, àtúnṣe ló kù. Ọ̀pọ̀ wa torí ẹ̀ rà á. Lóṣù keje 2020, Betsy Wollheim, olóòtú rẹ̀ ní DAW Books, kọ ọ́ sórí Facebook pé òun ò tíì rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìwé kẹta. Olóòtú rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀tá! Ìwé kékeré méjì ló ti tẹ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn, The Slow Regard of Silent Things lọ́dún 2014 àti The Narrow Road Between Desires lọ́dún 2023. Kò sí èyí tó gbé ọjọ́ kẹta wá nínú méjèèjì.

Tí ẹ bá ní kí n ta tẹ́tẹ́, màá fi owó díẹ̀ sí i pé The Winds of Winter á jáde. Mi ò ní fi kọ́bọ̀ sí A Dream of Spring. Lórí Rothfuss, màá fi owó mi sápò.

Síbẹ̀ ẹ gbọ́ o: òǹkàwé tó fẹ́ràn gbólóhùn tó dán, tó ń ka ìwé bí ẹni ń gbọ́ orin, kò sẹ́ni tó dà bíi Rothfuss nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ lè ra The Name of the Wind nìkan kí ẹ sì gbádùn ẹ̀. Níbi tó dúró sí, ọkàn ò gbọgbẹ́. Ìkejì ni kí ẹ yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ti Martin le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìkarùn-ún fi ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ máa fẹ́ràn jù sílẹ̀ nínú yìnyín, ọ̀bẹ lára, àwọn tó gún un sì jẹ́ èèyàn tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn dákẹ́ láti 2011.

Ọ̀nà kan wà láti tọ́ Martin wò láìwọ gbèsè: A Knight of the Seven Kingdoms (2015). Ìtàn mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, nípa jagunjagun kan tó ga ṣíoṣío àti ọmọdékùnrin tó ń tẹ̀ lé e kiri. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orí, ó ní ìdí. Ká ní mo mọ̀ nígbà yẹn, òun ni ǹ bá kọ́kọ́ rà.

Jordan: ẹni tó kú, tí ìtàn ò kú

Ohun kan máa ń yà mí lẹ́nu. Oṣù kẹsàn-án 1948 ni wọ́n bí Martin, wọ́n sì bí Jordan lóṣù kẹwàá ọdún kan náà. Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Jordan kọ ìwé 11, àìsàn ọkàn kan tí kò wọ́pọ̀ gbé e dè, ó sì kú ní ọjọ́ 16, oṣù kẹsàn-án, 2007, lẹ́ni ọdún 58. Gbogbo èèyàn rò pé ó parí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti mọ̀ pé àkókò kò sí. Ó kọ ohun tó kù sílẹ̀, ó sọ òmíràn lẹ́nu kí wọ́n bá òun kọ ọ́, ó sì ti fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ibi tí ìtàn máa parí sí. Harriet McDougal, ìyàwó ẹ̀, ló tún jẹ́ olóòtú ẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ ìwé náà tó obìnrin yẹn. Ọ̀dọ́kùnrin òǹkọ̀wé kan, Brandon Sanderson, kọ ọ̀rọ̀ ìdárò sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí bàbá kú. McDougal rí i, ó tẹ̀ ẹ́ láago. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ní ó kù. Nígbà tí wọ́n máa fi parí ẹ̀, ó di mẹ́ta: 2009, 2010, àti A Memory of Light lóṣù kìíní 2013.

Ẹ fi èyí wé Martin, tó ti sọ ọ́ jáde pé òun ò fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun parí tòun. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àmọ́ ẹni tó ń rajà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kó tó sanwó: nílé Jordan, ajogún wà, nílé Martin, tí bàbá bá dákẹ́, ìtàn dákẹ́.

Ṣé gbogbo Jordan ló dáa? Rárá. Ọ̀rọ̀ inú ìwé 14 yẹn lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Láti ìkẹjọ sí ìkẹwàá, ìtàn ń wọ́ bí ẹni tó ń lọ síbi tí kò fẹ́ lọ. Ìkẹwàá, Crossroads of Twilight (2003), mo sùn lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ fara dà á, tàbí kí ẹ máa fo ojú ìwé, mi ò ní sọ fẹ́nì kan. Láti ìkọkànlá ni ẹsẹ̀ tún ti yá. Owó ni ìṣòro kejì: ìwé 14 kì í ṣe owó kékeré, kì í sì í rọrùn láti rí gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ lọ́wọ́ onítòkúnbọ̀. Ẹ rà á ní mẹ́ta-mẹ́ta.

Adeyemi: tiwa ńkọ́?

Ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ni Tomi Adeyemi. Salvador ní Brazil ló ti kọ́kọ́ ṣalábàápàdé àwòrán òrìṣà wa, ibẹ̀ sì ni ìtàn ti gbérí. Children of Blood and Bone jáde lóṣù kẹta 2018, ìkejì lóṣù kejìlá 2019 lẹ́yìn tí wọ́n ti sún ọjọ́ ẹ̀ síwájú, ìkẹta, Children of Anguish and Anarchy, lóṣù kẹfà 2024. Ó lé ní ọdún mẹ́rin tá a fi dúró. Nígbà yẹn, èmi fúnra mi ti kà á mọ́ ẹgbẹ́ Rothfuss. Mo tọrọ àforíjì.

Ohun tó máa pa ọmọ Yorùbá lẹ́rìn-ín wà nínú ẹ̀. Ìlọrin inú ìwé yìí léfòó sórí omi òkun! Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ síbẹ̀ mọ irú erùpẹ̀ tó wà lọ́nà yẹn. Àmì kókó méjì tó gbé lórí i nínú "Orïsha" kò sì jọ ohunkóhun tí olùkọ́ Yorùbá kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọfọ̀ inú ẹ̀, Yorùbá ni, mo sì rí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní London tó ń pè é sókè níwájú dígí, tó wá bi ìyá ẹ̀ pé kí ni ìtumọ̀ ẹ̀. Ìwé kìíní ló dáa jù, ó lé ní 500 ojú ìwé tí ò súni. Ìkẹta yára jù lójú mi, ó kúrú, ó ń gbé èèyàn lọ sí ilẹ̀ mìíràn nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé ò tíì tán. Ó parí, ìyẹn dájú.

Tí ẹ bá ti mú owó lọ́wọ́

Fún ọ̀dọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sókè, tàbí ẹni tí kò ráyè, ẹ ra Adeyemi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó fẹ́ ìparí, tó sì lè jókòó ọdún kan tì í, Jordan ni. Ti Martin, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti A Knight of the Seven Kingdoms, lẹ́yìn náà ẹ ra ìkíní sí ìkẹta, kí ẹ dúró níbẹ̀ ná. Ìkẹta ló dùn jù nínú gbogbo wọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ òpin. Ẹ fi ìkẹrin àti ìkarùn-ún sílẹ̀ títí ìkẹfà á fi jáde.

Tí ẹ bá rí páálí tó ní ìwé méje, ẹ má ka iye ẹ̀yìn ìwé bí èmi. Ẹ ka orúkọ ara wọn. Tí ẹ bá rí Steel and Snow tàbí Dreams and Dust níbẹ̀, márùn-ún ni o, iye owó márùn-ún sì ni kí ẹ ná an. Ẹni tó bá ní òun ní The Winds of Winter lábẹ́ tábìlì, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.