Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú Authlib: ohun tó ṣe fún mi, àti ohun tó fi sílẹ̀ fún mi

Ìkànnì tí mo ń tọ́jú kò tóbi. Àwọn òǹkàwé ló ń lò ó láti kọ ìwé tí wọ́n yá ara wọn sílẹ̀, ẹni tó yá a àti ọjọ́ tó yẹ kó dá a padà. Flask, irinṣẹ́ Python tí a fi ń kọ ìkànnì, ni mo fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù ló ń dà mí láàmú jù níbẹ̀. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí ẹnìkan á ti kọ̀wé sí mi pé òun ti gbàgbé tòun. Mo wá pinnu pé kí àwọn èèyàn máa fi àkáǹtì Google tàbí ti GitHub (ibi tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí) wọn wọlé. Authlib, àkójọ kóòdù Python tó ń bójú tó irú ìwọlé bẹ́ẹ̀, ni mo lò fún un, ó sì ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí.

Mo ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Mo ka RFC 6749, ìwé ìlànà tó jáde lọ́dún 2012 fún OAuth 2.0, ọ̀nà tí ìkànnì kan fi ń gba ìyọ̀ǹda òǹlò lọ́dọ̀ ìkànnì mìíràn láìgba pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ó sì yé mi. Ìkànnì mi á darí òǹlò lọ sọ́dọ̀ Google, Google á bi í bóyá ó gbà, á dá a padà sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú kóòdù kékeré kan, sáfà mi á wá lọ fi kóòdù yẹn gba token, ìyẹn àmì ìyọ̀ǹda. Mo kọ ọ́, ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ mo gbàgbé state. State ni àmì àṣírí tí ẹ fi ń rán òǹlò jáde, tó gbọ́dọ̀ bá a padà wálé. Bí kò bá sí i, ẹni ibi lè ti kóòdù tirẹ̀ sí òǹlò yín lọ́wọ́, kí onítọ̀hún bá ara rẹ̀ nínú àkáǹtì ẹni ibi náà láìfura, kó sì máa kó ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ síbẹ̀. Kóòdù mi ń lọ geere láìsí state rárá. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn, mo sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Pẹ̀lú Authlib, ẹ ó pe oauth.register, ẹ ó fún un lórúkọ, ẹ ó sì fún un ní server_metadata_url ti Google. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo yẹn, èyí tó parí sí .well-known/openid-configuration, ló fi ń wá gbogbo ìyókù fúnra rẹ̀, títí kan kọ́kọ́rọ́ tó fi ń yẹ ìbuwọ́lù Google wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ọ̀nà méjì péré ló kù nínú Flask, ọ̀kan á pe authorize_redirect, èkejì á pe authorize_access_token. State, nonce (àmì ẹ̀ẹ̀kan péré tí kì í jẹ́ kí wọ́n tún èsì àtijọ́ lò), yíyẹ id_token (ìwé ẹ̀rí tí Google buwọ́ lù nípa ẹni tó wọlé) wò, òun ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Mo ka tèmi, ìlà 21 ni.

GitHub gba wàhálà díẹ̀ sí i. Kì í lo OpenID Connect (ìlànà ìdánimọ̀ tí a kọ́ lé OAuth, tí Google ń lò) fún irú ìwọlé báyìí, nítorí náà ẹ ó fọwọ́ kọ àwọn àdírẹ́sì rẹ̀ síbẹ̀. Bí òǹlò bá sì fi ímeèlì rẹ̀ pamọ́, òfo lẹ ó bá níbi tí ẹ ń wá a sí; ẹ ní láti béèrè scope (ìyọ̀ǹda) user:email, kí ẹ wá lọ wò ó ní /user/emails.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo tẹ bọ́tìnnì, mo gbà lọ́dọ̀ Google, mo padà dé, ni mo bá rí mismatching_state, àṣìṣe tó ń sọ pé state tó padà wá kò bá èyí tó lọ mu. Mo tún un ṣe, ibẹ̀ náà ni. Wákàtí méjì gbáko ni mo fi ń wo kóòdù tí kò ní àléébù kankan. Ìgbà tí mo ṣí irinṣẹ́ bùráúsà, tí mo wo cookie (àkọsílẹ̀ kékeré tí bùráúsà ń tọ́jú fún ìkànnì), ni ojú mi là. 127.0.0.1 ni mo ti ṣí ojú ewé mi, cookie session, èyí tó so mọ́ state, sì wà lábẹ́ rẹ̀. Localhost ni mo kọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Google gẹ́gẹ́ bí ibi ìpadà. Kọ̀ǹpútà kan náà ni, ṣùgbọ́n ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú bùráúsà. Mo yí àdírẹ́sì padà, mo sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn, nítorí state tí mo gbàgbé níjọ́sí gan-an ló dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí Authlib ò ní bá yín ṣe ni kó mọ ẹni tó wọlé yìí sí ẹni tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe tó dùn mí. Ímeèlì ni mo fi ń dá èèyàn mọ̀. Àǹtí kan tó ti ń fi Google wọlé wá fi GitHub wọlé lọ́jọ́ kan, ímeèlì rẹ̀ níbẹ̀ sì yàtọ̀. Ó bá àkáǹtì òfìfo. Ó kọ̀wé sí mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ìwé mi dà?" Ìwé 37 ni. Wọn ò sọnù, àmọ́ mo mọ bí àyà rẹ̀ á ti já tó.

Mo ṣe tábìlì ọ̀tọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, tó ní òǹlò, ibi tó gbà wọlé, àti sub, nọ́ńbà tí Google fi ń dá àkáǹtì kọ̀ọ̀kan mọ̀, tí kì í yí padà bí ímeèlì tilẹ̀ yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ so àkáǹtì kejì pọ̀ gbọ́dọ̀ ti wọlé ná. Ẹ má so àkáǹtì méjì pọ̀ kìkì nítorí pé ímeèlì wọn jọra. Bí a kò bá tíì fìdí ímeèlì náà múlẹ̀, ẹlòmíì lè gba ibẹ̀ kó sínú ilé onílé.

Bí Django, irinṣẹ́ ìkànnì Python mìíràn, lẹ ń lò, ẹ kọ́kọ́ wo django-allauth, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí níbẹ̀, nítorí irú tábìlì yẹn ti wà nínú rẹ̀, kì í sì í gba ímeèlì gbọ́ bẹ́ẹ̀ àfi bí ẹ bá sọ fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí Flask tàbí FastAPI, Authlib ni mo fọwọ́ sí, tọkàntọkàn. Mo ṣì fi pásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní àkáǹtì níbì kankan. Lọ́dọ̀ àwọn ìyókù, mi ò tíì gba lẹ́tà "mo ti gbàgbé" kankan láti oṣù kẹta.