Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ sẹ́nsọ̀ táyà: wọ́n ń ta èyí tí ẹ kò nílò

Bí iná táyà bá ń tàn nínú ọkọ̀ yín, tí ẹnì kan sì ti ń sọ fún yín pé "sẹ́nsọ̀ ti kú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la máa pààrọ̀", ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sanwó. Iná tí mò ń wí ni iná kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó dà bí ìkòkò tí kò ní ìdérí, tí àmì ìyanu wà láàrin rẹ̀. Sẹ́nsọ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn afẹ́fẹ́ táyà, tó sì ń ròyìn rẹ̀ fún ọkọ̀. Jìbìtì tó wà nídìí rẹ̀ pọ̀, nítorí pé inú táyà ló wà, lára rímù, níbi tí ojú ẹni tó ni ọkọ̀ kò dé. Ohun tí ẹni tó ń tà á bá sọ ni a máa ń gbà. Mo sì ti rí sẹ́nsọ̀ tí wọ́n yọ dànù, tí wọ́n gbowó òmíràn, tó jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe é.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú: kí ẹnikẹ́ni má ta sẹ́nsọ̀ fún yín láìjẹ́ pé ó ti fi ẹ̀rọ yẹ àwọn tó wà nínú táyà wò níṣojú yín. Ẹ̀rọ náà kò ju ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé lọ. Wọ́n á gbé e sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí fáàfù wà, yóò jí sẹ́nsọ̀, sẹ́nsọ̀ á sì dáhùn: nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, ìwọ̀n afẹ́fẹ́, bí inú táyà ṣe gbóná tó, àti, lára ọ̀pọ̀ wọn, bóyá bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára. Wọn kò ní tú táyà kankan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi máa yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Bí mẹ́ta bá dáhùn tí ọ̀kan dákẹ́, tí wọ́n tún un gbìyànjú tó ṣì dákẹ́, ọ̀kan yẹn ni wàhálà yín. Ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ẹ̀rọ yìí kò ní ọ̀nà tó fi lè mọ ohun tó ń sọ. Èyí tó ní i tí kò fẹ́ kí ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ wa ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.

Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni pàápàá, iná náà ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Bí ó bá tàn láìṣẹ́jú, afẹ́fẹ́ ló dín. Bí ó bá ń ṣẹ́jú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ṣíná ọkọ̀, kí ó tó wá dúró, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ lè kan sẹ́nsọ̀. Òtútù náà máa ń tàn án: afẹ́fẹ́ táyà ń dín ní nǹkan bí psi 1 (psi ni òṣùwọ̀n tí gééjì fi ń ka afẹ́fẹ́ táyà) ní gbogbo ìgbà tí ojú ọjọ́ bá fi ìwọ̀n Celsius 5 sí 6 tutù sí i. Iná tó tàn ní òwúrọ̀ kùtù tó sì kú lọ́sàn-án kò béèrè sẹ́nsọ̀ tuntun. Ẹ gééjì táyà sí iye tó wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Iye tó wà lára táyà fúnra rẹ̀ ni òpin ohun tí táyà lè gbà, kì í ṣe iye tí ọkọ̀ yín ń fẹ́. Ẹ má gbàgbé sípíà o, nítorí àwọn ọkọ̀ kan ní sẹ́nsọ̀ nínú ti sípíà pẹ̀lú.

Ọkọ̀ mìíràn tiẹ̀ wà tí kò ní sẹ́nsọ̀ kankan nínú táyà. Ẹ̀rọ ABS, ìyẹn èyí tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ há nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ló ń wo bí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí, nítorí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín máa ń yí yára ju àwọn yòókù lọ díẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò nílò ju kí ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ tó péye, kí ẹ sì sọ fún ọkọ̀ pé kí ó bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀ lákọ̀tun, bí ìwé ọkọ̀ ṣe là á sílẹ̀. Ẹni tó bá ta sẹ́nsọ̀ mẹ́rin fún ẹni tó ni irú ọkọ̀ yìí, olè ni.

Ní ti ọjà fúnra rẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí ojú àbúrò mi obìnrin rí. Ó ra sẹ́nsọ̀ mẹ́rin lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é ni ọlọ́jà kọ síbẹ̀. Wọ́n tú táyà, wọ́n so wọ́n mọ́ rímù, wọ́n gbé táyà padà, iná ń ṣẹ́jú. Ìgbì rédíò tí sẹ́nsọ̀ fi ń ránṣẹ́ sí ọkọ̀ kì í ṣe oríṣi kan: 315 MHz wà, 433 MHz wà, ọkọ̀ tó ń gbọ́ ọ̀kan kì í gbọ́ èkejì. Ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè jẹ́ 315 níbi tí wọ́n ti tà á, kí ó jẹ́ 433 ní ilẹ̀ mìíràn. 433 ni ti àbúrò mi, 315 ni wọ́n tà fún un. Nígbà tó béèrè owó rẹ̀, ọlọ́jà ní òun kì í gba ọjà tí wọ́n ti lò padà. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan lè ka sẹ́nsọ̀ tuntun lórí tábìlì kí ó tó wọ táyà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á kí wọ́n tó fọwọ́ kan rímù yín.

Ọlọ́jà mìíràn á nu sẹ́nsọ̀ tòkunbọ̀ mọ́, á fi í sínú ọ̀rá tuntun. Bátìrì sẹ́nsọ̀ máa ń lo nǹkan bí ọdún 5 sí 10, wọ́n sì ti dì í pa mọ́ inú rẹ̀, kò ṣe é pààrọ̀ bíi ti rìmóòtù. Ẹni tó bá ní òun ti fi bátìrì tuntun sí i, ẹ má dá a lóhùn. Ojú ibi tí nọ́ọ̀tì ti jẹ fáàfù, eruku tó wọ igun rẹ̀, àti àpá gọ́ọ̀mù ni ẹ máa fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń tú táyà náà. Bí irin tí wọ́n fi ń ṣí etí táyà bá gba ibi fáàfù, sẹ́nsọ̀ á fọ́, wọ́n á sì ní ó ti kú tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á kí wọ́n tó tú u, kí wọ́n tún kà á lẹ́yìn tí wọ́n bá tì í. Bí fáàfù bá jẹ́ àlùmínọ́ọ̀mù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀mí fáàfù (irin kékeré inú rẹ̀ tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró) onídẹ lásán sínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi nickel bò ló yẹ ẹ́. Idẹ àti àlùmínọ́ọ̀mù máa ń jẹ ara wọn tí omi bá ti kàn wọ́n, á lẹ̀ pọ̀, fáàfù á kán, wọ́n á sì tún ta odidi sẹ́nsọ̀ fún yín.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń pa iná náà lẹ́nu mọ́. Wọ́n á kó sẹ́nsọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú páìpù kan, wọ́n á fún un ní afẹ́fẹ́, wọ́n á dí i pa, wọ́n á fi pamọ́ sínú búùtù. Ọkọ̀ á máa kà pé táyà péye, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ti ń rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọkọ̀ tòkunbọ̀, ẹ ṣe é báyìí: ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá iná náà tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tí ẹ ṣíná, nítorí tí kò bá tàn rárá nínú ọkọ̀ tó yẹ kó ní i, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí pé wọ́n ti bò ó. Lẹ́yìn náà, bí ọkọ̀ bá ń fi iye afẹ́fẹ́ hàn, ẹ tú díẹ̀ kúrò nínú táyà kan, kí ẹ wò ó bóyá iye náà yí padà, kí ẹ sì fún un padà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín máa ń gbóná lójú eré títí yóò fi bẹ́. Nítorí irú ìjàǹbá táyà bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà fi ṣe òfin TREAD ní ọdún 2000, tó sì di dandan kí ọkọ̀ kéékèèké tuntun wọn ní ìkìlọ̀ yìí láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2007. Ní European Union, gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ni ó kàn láti oṣù kọkànlá ọdún 2014.

N kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ní kí ẹ pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń jà yín lólè. Bí ọkọ̀ bá ti pé ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, tí ọ̀kan kú, tí ẹ sì fẹ́ ra táyà tuntun lásìkò náà, ó bọ́gbọ́n mu láti pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má baà tún sanwó títú táyà láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kí ẹ pinnu rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí ohun tí ẹ̀rọ kà. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ọkọ̀ yín lè dá sẹ́nsọ̀ tuntun mọ̀ fúnra rẹ̀ tí ẹ bá wà á fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan lè ṣe bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ àwọn kan ń gbowó lórí rẹ̀.

Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ MHz àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ sẹ́nsọ̀ kọ̀ọ̀kan sí, kí ẹ sì gba àwọn ti àtijọ́ padà lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn ti jù wọ́n nù, ẹ ní kí wọ́n lọ mú wọn wá kí ẹ tó san owó iṣẹ́.