Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ìwé nípa àwọn Ojibwe fáwọn ọmọ yín, ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ rèé

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń gbé Minnesota, Wisconsin, Michigan títí dé Ontario, ilẹ̀ àwọn Ojibwe la wà yìí o. Àwọn kan ń pè wọ́n ní Chippewa, àwọn fúnra wọn ń jẹ́ Anishinaabe, wọn ò kú tán, wọn ò kó lọ síbì kankan, àwọn ọmọ wọn àti tiwa jọ ń wọ bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni. Àmọ́ ẹ wo ìwé táwọn ọmọ wa ń gbé bọ̀ wálé lóṣù November, ìyẹ́ lórí, ọfà lọ́wọ́, ó parí, àfi bíi pé ayé àtijọ́ ni gbogbo wọn ti tán. Ó ká mi lára gan-an ni, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí táwọn Ojibwe fúnra wọn kọ fáwọn ọmọdé àtàwọn tó ti ń bàlágà, mo sì fẹ́ sọ èyí tówó yín ò ní ṣòfò lórí ẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni The Birchbark House tí Louise Erdrich kọ lọ́dún 1999. Ojibwe ni ìyá yìí, ará Turtle Mountain ní North Dakota, òun náà ló sì fọwọ́ ara ẹ̀ ya àwòrán inú ìwé náà. Ọdún 1847 nìtàn ẹ̀ wáyé, lórí erékùṣù kan nínú adágún Superior tí máàpù ń pè ní Madeline Island. Ọmọ ọdún 7 ni Omakayas, ó ń gbé pẹ̀lú ìyá ẹ̀, bàbá ẹ̀, Nokomis tó jẹ́ ìyá àgbà, Angeline ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó rẹwà tí Omakayas sì ń jowú ẹwà ẹ̀, Pinch àbúrò ẹ̀ tí kì í jẹ́ kílé tòrò, àti Neewo ọmọ ọwọ́ tí gbogbo wọn ń gbé pọ̀n.

Ohun tó mú ìwé yìí wọ̀ mí lára ni pé iṣẹ́ ilé ló kúnnú ẹ̀, kì í ṣe ogun. Ooru dé, wọ́n lọ bó èèpo igi birch kí wọ́n lè fi kọ́ ilé tí wọ́n máa gbé lásìkò yẹn, àgbàdo gbó, àwọn ọmọ á máa lé ẹyẹ nínú oko (ibẹ̀ ni Omakayas ti rí kannakánná tó di ọ̀rẹ́ ẹ̀), òtútù dé, wọ́n kó padà sínú ilé onígi, ìgbà ìrúwé dé, wọ́n ń gba omi igi maple, wọ́n ń sè é títí á fi di ṣúgà. Iṣẹ́ tí Omakayas kórìíra jù ni kí wọ́n ní kó wá ha awọ ẹran, kò sì sí ọmọ tí wọ́n ti rán níṣẹ́ rí tí ò ní mọ bó ṣe ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ n mú ibì kan. Ìyá ẹ̀ ní kó lọ gba sísọ́ọ̀sì wá lọ́wọ́ Old Tallow, ìyá kan tó ń dá gbé pẹ̀lú àwọn ajá ẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù. Nígbà tó ń bọ̀, ó pàdé ọmọ béárì méjì, ó ń bá wọn ṣeré, ó ń fún wọn léso jẹ, àfi gbì, ìyá wọn ti gbé e ṣánlẹ̀, ó dúró lé e lórí, ó ń gbóòórùn ẹ̀. Ọmọ yẹn ò kígbe. Ó ń bá béárì náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń pè é ní ìyá àgbà, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé òun ò ní i lọ́kàn láti ṣe àwọn ọmọ ẹ̀ léṣe. Ọmọbìnrin mi ní kí n tún ibẹ̀ kà, ó wá bi mí pé ṣé kódà ẹranko, wọ́n ń fọ̀wọ̀ pè é ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé nìyẹn.

Nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀ ni Nokomis tó máa ń sọ ìtàn àtayébáyé, wọn kì í sọ ọ́ nígbà ooru, bó ṣe jẹ́ pé àwa náà kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Nanabozho ló wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kún ọwọ́ ẹ̀, agbára ẹ̀ náà sì pọ̀. Ó wá kan ìtàn bí ilẹ̀ ṣe wáyé: omi bo gbogbo ayé, Nanabozho ní káwọn ẹranko wọ omi lọ bu iyẹ̀pẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀, àwọn tára wọn le lọ, wọ́n bọ̀ lófìfo, ẹranko kékeré kan tó jọ òkété tí wọ́n ń pè ní muskrat ló padà bu díẹ̀ bọ̀ lọ́wọ́, lórí ìwọ̀nba iyẹ̀pẹ̀ yẹn ni ilẹ̀ ti fẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn Odùduwà, iyẹ̀pẹ̀ àti adìyẹ ní Ilé-Ifẹ̀, ó yé yín ìdí tí mo fi gbé ìwé yẹn sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwa fún wọn. Inú wọn dùn débi pé wọn ò fẹ́ lọ sùn mọ́.

Àmọ́ o, ẹ jẹ́ n kìlọ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ gan-an, erékùṣù tí gbogbo èèyàn ti kú sí ni, ọmọdébìnrin kan péré ló ṣẹ́kù láàyè. Nígbà tó yá, àlejò kan wọ̀lú nígbà òtútù, ṣọ̀pọ̀ná ló gbé wá, ó sì wọlé àwọn Omakayas. Mi ò ní sọ ẹni tó kú, ṣùgbọ́n ọmọ yín á ti fẹ́ràn ẹni náà gan-an kó tó débẹ̀. Erdrich ò fi bò fún ọmọdé, kò sì fi dẹ́rù bà wọ́n, ó kàn jẹ́ kí ìbànújẹ́ yẹn pẹ́ nínú ilé bó ṣe máa ń pẹ́ lóòótọ́, ebi tún tẹ̀ lé e, ara ọmọ yá tán àmọ́ ọkàn ẹ̀ ò tíì yá. Ẹ jókòó tì wọ́n kẹ́ ẹ jọ ka apá yẹn, ẹ má kàn kó o lé wọn lọ́wọ́. Nǹkan míì ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ falẹ̀, ọmọ tó bá fẹ́ràn ìtàn tó ń yára lè fẹ́ pa á dé ní orí kejì, ẹ ní kó ní sùúrù, ẹ sì fi àwọn ọ̀rọ̀ Ojibwe tí wọ́n túmọ̀ sẹ́yìn ìwé hàn án, tèmi fẹ́ràn láti máa pè wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ṣì ń fáwọn ọmọ ní Little House on the Prairie tí Laura Ingalls Wilder kọ. Sẹ́ńtúrì kan náà làwọn méjèèjì ń sọ, ṣùgbọ́n nínú ìyẹn, àwọn onílẹ̀ ló di ẹni à ń bẹ̀rù, ọ̀rọ̀ náà le débi pé lọ́dún 2018 ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì ọmọdé ní Amẹ́ríkà yọ orúkọ Laura Ingalls Wilder kúrò lára ẹ̀bùn tí wọ́n fi sọrí ẹ̀. Ọmọ tó bá ti ka ìyẹn, ẹ fún un léyìí náà.

Ìwé mẹ́rin ló tẹ̀ lé e: The Game of Silence (2005), The Porcupine Year (2008), Chickadee (2012) àti Makoons (2016). Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn ló dáa jù lójú tèmi, torí ibẹ̀ ni ìjọba ti ní kí wọ́n kúrò lórí ilẹ̀ wọn, tẹ́ ẹ sì máa rí bọ́rọ̀ òṣèlú ṣe ń dé etí ọmọdé nínú ilé. Ẹ̀yin ìyá ìbejì, Chickadee àti Makoons jẹ́ ìbejì tí Omakayas bí nígbà tó dàgbà, ẹ máa fẹ́ràn ẹ̀.

Fáwọn kékeré tí ò tíì lè kàwé, Bowwow Powwow tí Brenda Child kọ (2018) ni kẹ́ ẹ rà, Gẹ̀ẹ́sì àti Ojibwe wà nínú ẹ̀, ajá ń jó nínú àlá ọmọbìnrin kan, ẹ̀rín lásán ni. We Are Water Protectors ti Carole Lindstrom (2020) rẹwà ju gbogbo wọn lọ, àwòrán ẹ̀ ló gba Caldecott, ẹ̀bùn àwòrán ìwé ọmọdé, lọ́dún 2021, Michaela Goade tó yà á, ọmọ ẹ̀yà Tlingit ní Alaska, ló sì jẹ́ ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn yẹn, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé pé ejò dúdú inú ẹ̀, páìpù epo ni.

Ó wá ku àwọn ọmọ ńlá. Firekeeper's Daughter tí Angeline Boulley kọ (2021), ọmọ ẹ̀yà Sault Ste. Marie ní Michigan lòǹkọ̀wé, ibẹ̀ náà nìtàn ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún 2004. Daunis ọmọ ọdún 18, ìyá ẹ̀ òyìnbó, bàbá ẹ̀ Ojibwe, orúkọ ẹ̀ ò sí nínú ìwé tí ẹ̀yà náà ń kọ orúkọ àwọn ọmọ wọn sí, ó mọ hockey gbá, ó sì fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Oògùn olóró ń pa àwọn ọ̀dọ́, wọ́n yìnbọn lójú ẹ̀, FBI wá ní kó bá àwọn ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ó ń fi chemistry wádìí, ó sì ń fi ìmọ̀ ewé wádìí, láàárọ̀, ó máa fi tábà díẹ̀ sídìí igi, ó gbàdúrà kó tó lọ sáré. Ibi tó ti ń jókòó ti àwọn àgbàlagbà tó ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu wọn ló dùn mọ́ mi jù, torí ohun tí FBI ò lè rí, àwọn àgbà yẹn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ìwé náà gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 ojú ewé, àárín ẹ̀ sì fà díẹ̀. Ó gba Printz, ẹ̀bùn ìwé àwọn ọ̀dọ́, lọ́dún 2022, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìpànìyàn, oògùn olóró àti ìfipábánilòpọ̀ wà nínú ẹ̀, ọmọ ọdún 16 sókè ni mo máa fún, ẹ kọ́kọ́ kà á fúnra yín. Èyí tó tẹ̀ lé e, Warrior Girl Unearthed (2023), dá lórí egungun àwọn baba ńlá wọn tí wọ́n kó sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àwa tí orí Ifẹ̀ wa ṣì wà ní British Museum lóye ohun tó ń sọ.

Erdrich fúnra ẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù Birchbark Books ní Minneapolis, wọ́n ń fi ránṣẹ́ tẹ́ ẹ bá jìnnà, tówó ò bá sì tíì sí, ẹ béèrè ní láíbìrì. Níbi yòówù kẹ́ ẹ ti rà á, ẹ yí ìwé padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, orúkọ ẹ̀yà òǹkọ̀wé sábà máa ń wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó gbé òpó gbígbẹ́ gàgàrà tàwọn ará etí òkun Pacific sáàárín abúlé Ojibwe, ẹ dá a padà sórí ṣẹ́ẹ̀fù.