Gọ́gù ìlúwẹ̀ẹ́ tó ń ṣú: kí ẹ tó ná owó yín lé oògùn rẹ̀

Ẹni tó bá ti fi awò ojú ṣí ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ lórí iná rí ti mọ ohun tó ń ṣe gọ́gù nínú púùlù. Ooru tó lọ́rinrin bá ohun tó tutù pàdé, ìrì sì sẹ̀. Ara wa gbóná tó ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi púùlù ìdíje kì í sì í ju 28 lọ. Òógùn àti ooru ojú há sínú gọ́gù, omi ìta ń mú ike rẹ̀ tutù, ni gbogbo nǹkan bá di bàìbàì kí èèyàn tó wẹ̀ dé ìdajì. Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń burú jù ní púùlù tí mo ń lò ní Ìjẹ̀bú Òde, torí omi àárọ̀ ibẹ̀ a máa tutù bí èyí tó ti inú fìríìjì wá.

Gbogbo oògùn tí wọ́n ń tà fún un, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Wọn kì í ní kí ìrì má sẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń mú kí omi náà tẹ́ pẹrẹsẹ dípò kó dúró ní ẹ̀kán wínníwínní. Ẹ̀kán wínníwínní yẹn ló ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Bí omi bá tẹ́, a ó ríran gba inú rẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ ká ti orí gọ́gù fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lowó ńlá wà. Èyí tó wà nínú páálí, irú ti Speedo tàbí Arena, sábà máa ń ní oògùn tí wọ́n ti fi kun inú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. "Anti-fog" ni wọ́n ń kọ sí páálí. Èyí tí wọ́n so rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù nínú ọjà lè má ní nǹkan kan, kódà bí wọ́n bá kọ ọ́ sí i. Ẹ mí hàà sí inú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bó bá funfun, tó sì pẹ́ kó tó mọ́, kò sí oògùn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú láìfa rọ́bà rẹ̀ sórí: bó bá lẹ̀ mọ́ ojú díẹ̀ kó tó já bọ́, ó bá ojú yín mu. Èyí kejì yìí ni mo kà sí jù, nítorí a rí nǹkan ṣe sí gọ́gù tó ń ṣú. Èyí tó ń jò, owó ti sọnù nìyẹn.

Ti páálí dára púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni mo fi lo àkọ́kọ́ tí mo ní láìrí ìkùukùu. Ọjọ́ kan ni mo wá fi etí táwẹ̀lì nu inú rẹ̀, mo pè é ní ìmọ́tótó. Owó mi ni mo ń nù dànù. Oògùn náà rọ̀, ìka lásán tó láti hó o. Omi mímọ́ ni kí ẹ fi ṣàn án, kí ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ fi síbi òjìji títí yóò fi gbẹ. Ẹ má gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ nínú oòrùn Ṣàgámù. Bó bá jẹ́ ọmọdé ló máa wọ̀ ọ́, ẹ má wulẹ̀ ra olówó gọbọi. Ìka ọmọ á ti hó gbogbo rẹ̀ kí oṣù tó parí.

Bí oògùn ilé iṣẹ́ bá ti ṣí, tàbí tí kò tiẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, ó ku àfínsí inú ìgò, ṣàǹpú ọmọdé àti itọ́.

Àfínsí ń ṣiṣẹ́, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ẹ ó fín in sójú ike tó gbẹ, ẹ ó dúró díẹ̀, ẹ ó bọ̀ ọ́ lómi. Ṣùgbọ́n ìgò kékeré ni, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì fẹ́ wẹ̀ lẹ ó máa fín in. Láti Èkó ni tèmi ti wá, owó ẹni tó gbé e wá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìgò náà. Wọ́n máa ń pe àwa Ìjẹ̀bú láhun. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo gbà.

Ṣàǹpú ọmọdé ló borí lọ́dọ̀ mi. Láti ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú Òde dé Sábó ní Ṣàgámù, kò ṣòro rí. Ẹ̀kán kan, omi díẹ̀ sí i, ẹ fi ìka pa á yí inú ike ká, ẹ bọ̀ ọ́ lómi lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ má nù ún. Ti ọmọdé ni mo wí, torí wọ́n pò ó kó má baà ta lójú. Ọṣẹ ìfọbọ́ náà ń lé ìkùukùu, ṣùgbọ́n bí omi bá lè wọlé pẹ́nrẹ́n, ẹ ó sunkún nínú púùlù. Ẹnìkan bi mí léèrè ọṣẹ dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wẹra.

Itọ́ kò lówó lórí, àwọn tó ń rì wọ ìsàlẹ̀ òkun sì ń lò ó. Kì í pẹ́ lójú gọ́gù tèmi kó tó ṣàn lọ. Ẹ má sì tutọ́ sí gọ́gù àyálò. Àpólò ń ràn. Ní ti ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n ń gbé kiri, ojú gíláàsì tuntun ni wọ́n fi ń fọ. Ike ló wà lójú gọ́gù tiwa, yóò ha á yánnayànna.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kọ́kọ́ bu omi púùlù sójú kí ooru rẹ̀ rọlẹ̀, ẹ má sì máa gbé gọ́gù gun iwájú orí bí ẹ bá ń sinmi. Òógùn ibẹ̀ tó láti ba iṣẹ́ gbogbo jẹ́.

Ẹni tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó ra ti ọjà tó bá ojú rẹ̀ mu àti ṣàǹpú. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ti páálí tó o, bí kò bá ní fọwọ́ kan inú rẹ̀. Bó bá ṣí, kó bọ́ sórí ṣàǹpú. Àfínsí, ẹni tó ń díje ni mo fi í sílẹ̀ fún. Ọmọ Ìwòpin tó dàgbà sétí ọ̀sà á kàn máa fi gbogbo wa rẹ́rìn-ín ni.

Inú ìgò oògùn ojú tó ti tán ni mo kọ́kọ́ ń rọ ṣàǹpú tèmi sí, torí ó ń kán dáadáa. Ó ku díẹ̀ kí ìyá mi kán an sójú lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìgò mìíràn ni mo ń lò báyìí.